Bátìrì Kan Tó fún Gbogbo Ẹ̀rọ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sí ojú ìwé yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn alátùn-únṣe rédíò lójú yín, kí ó má jọ ti àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè. Ṣùgbọ́n bí a kò bá yanjú rẹ̀, ọwọ́ òfo ni a ó máa gbé ti ibi ìwádìí bọ̀. Ẹ rántí pé ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa tó kọjá, ọ̀pọ̀ ló fọwọ́ sí i pé kí a dá owó jọ láti ra ẹ̀rọ amúnáwá kékeré kan, tí a ó máa gbé lọ sí abúlé nígbà tí a bá fẹ́ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Èmi kò fọwọ́ sí i. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Òun nìyí.

Èrò mi ni pé bátìrì kan ṣoṣo tó láti bọ́ gbogbo ẹ̀rọ tí à ń gbé lọ, bí a bá ti mọ bí a ṣe ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀. Owó tí a fẹ́ fi ra ẹ̀rọ amúnáwá, kí a fi ra bátìrì, pánẹ́ẹ̀lì oòrùn kan, àti àwọn ohun kéékèèké tí ń pín iná fún ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo ní sí ẹ̀rọ amúnáwá. Kì í ṣe ti epo nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ta ni nínú wa ló fẹ́ gbé ìgò kpayo sínú àpò kan náà tí agbohùnsílẹ̀ wà? Ariwo rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ kékeré onísìlíńdà kan tó ń mú iná 50 Hz wá sábà máa ń yí ní ìgbà 3000 láàárín ìṣẹ́jú kan, epo inú rẹ̀ a sì máa gbiná ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ariwo náà kì í dúró sí 25 Hz. Ó ń bí ọmọ sí 50, sí 75, sí 100, sí 125, ó ń gòkè lọ bẹ́ẹ̀. Ohùn ọkùnrin tó ti dàgbà, pàápàá bó bá wà ní ohùn ìsàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló ń rìn, láàárín 80 sí 150 Hz. Ẹ gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ sínú Praat, kí ẹ ní kó fi ìlà ohùn hàn yín. Ìlà náà yóò máa fò síhìn-ín, yóò máa fò sọ́hùn-ún, ẹ kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ ti bàbá àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ. Èdè olóhùn ni tiwa. Ẹni tí kò lè ya igbá sọ́tọ̀ kúrò lára igba àti ìgbà nínú ohun tó gbà sílẹ̀, kí ló gbà sílẹ̀?

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé kí a gbé ẹ̀rọ náà jìnnà. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò ní òru ẹ̀fẹ̀. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àkójọ wọn ní 2008, fún Benin, Nàìjíríà àti Tógò pa pọ̀. Àwa tí ó jẹ́ pé ilé wa ni Kétu àti àyíká rẹ̀ mọ̀ pé òru ni ẹ̀fẹ̀ ń kọrin, ó sì lè kọ ọ́ di àfẹ̀mọ́jú. Lóru tí gbogbo nǹkan bá dákẹ́, ibo ni a ó gbé ẹ̀rọ amúnáwá sí tí àwọn ará abúlé kò ní gbọ́ ọ? Tí wọ́n bá sì gbọ́ ọ, ṣé wọ́n á tún pè wá lọ́dún tó ń bọ̀?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí bátìrì.

Ohun tó le nípa bátìrì kì í ṣe pé iná rẹ̀ kéré. Ohun tí ẹ̀rọ kan fẹ́ kọ́ ni èkejì fẹ́. Bátìrì ọkọ̀ ní yàrá mẹ́fà nínú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fólítì 2 wá. Àròpọ̀ rẹ̀ ni à ń pè ní 12, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nígbà tó bá kún dáadáa ó máa ń tó 12.6, bí a bá sì ń rọ iná sí i lọ́wọ́ ó lè dé 14.4. Fóònù ń fẹ́ 5. Agbohùnsílẹ̀ ń fẹ́ 5, tàbí píìlì kékeré méjì tí àròpọ̀ wọn jẹ́ 3. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ń fẹ́ 19. Nínú gbogbo ẹrù wa, gílóòbù LED tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ nìkan ni ẹ lè so mọ́ bátìrì náà tààrà.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa onímọ̀ èdè. Nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn alátùn-únṣe tí mo máa ń jókòó sí ní Àjàṣẹ́, gbólóhùn kan ni mo ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà: "Iná rẹ̀ pọ̀ jù." Bí ṣájà bá jẹ́ fólítì 12, tí fóònù sì ń fẹ́ 5, iná rẹ̀ pọ̀ jù. Bí ṣájà bá jẹ́ fólítì 5, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ ańpè 3 sí i lára, tí fóònù kò sì fẹ́ ju ańpè 1 lọ, wọ́n á tún ní iná rẹ̀ pọ̀ jù. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ yóò jó fóònù, ti èkejì kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ańpè tí wọ́n kọ sára ṣájà ni èyí tó lè fún ni mọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń fa ìwọ̀n tó bá tó o. Omi kànga kì í ti ara rẹ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, bó ti wù kí ó pọ̀ tó. Fólítì ní tirẹ̀ dà bí gíga ibi tí a gbé àgbá omi sí. Ẹ gbé e sórí tábìlì, omi á rọra jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ gbé e sórí òrùlé ilé alájà mẹ́ta, ó lè já ike tí ẹ so mọ́ ọn.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama wọ́n kọ́ wa ní tension àti intensité, a há wọn sórí, a fi gba máàkì. Ìgbà tí a dé ilé, courant pọ̀, courant kéré, la tún ń sọ bí ẹni tí kò lọ síbì kankan. N kò bá àwọn alátùn-únṣe wí o. Àwọn tó dáńgájíá nínú wọn mọ ìyàtọ̀ náà dénú, ọwọ́ wọn ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, tí kò rí nǹkan ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ, ni ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan méjì ń dà láàmú. Nítorí náà, nínú àròkọ yìí, ipá iná ni mo ń pe èyí tí à ń fi fólítì wọ̀n, ìṣàn iná sì ni èyí tí à ń fi ańpè wọ̀n. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá sí ojú ìwé yìí ní oṣù tó ń bọ̀. Ipá gbọ́dọ̀ bá ẹ̀rọ mu. Ìṣàn tó wà nílẹ̀ kàn gbọ́dọ̀ tó ni, bó bá lé, kò sí wàhálà.

Báwo wá ni a ó ṣe rí ipá 5 àti ipá 19 lára bátìrì 12? Mo ti rí oríṣiríṣi ọgbọ́n, àwọn míràn nínú wọn kì í ṣe ọgbọ́n.

Àwọn kan ń fi résistance dí iná lọ́nà. Lórí ìwé, ó máa ń bọ́ sí i. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ̀rọ kan ń fa ìdajì ańpè ní fólítì 5. Fólítì 7 ló yẹ ká pa lọ́nà, résistance tó jẹ́ ohm 14 yóò sì pa á gẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wo ló ń fa iye kan náà láti àárọ̀ dalẹ́? Bí fóònù bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tí kò fa ju ìdámẹ́wàá ańpè lọ mọ́, fólítì 1.4 péré ni résistance yẹn yóò pa, fólítì 10.6 yóò sì wọlé sí fóònù tó ń fẹ́ 5. Ẹ kú ìnáwó fóònù tuntun.

Àwọn míràn ń bu iná láti àárín. Ẹ lè rí èyí lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ní bátìrì méjì tí wọ́n so pọ̀ di fólítì 24. Awakọ̀ fẹ́ gbọ́ rédíò, rédíò sì ń fẹ́ 12, ó bá so ó mọ́ ọ̀kan nínú bátìrì méjèèjì. Rédíò á sọ̀rọ̀, kò sí iyè méjì. Bátìrì yẹn nìkan ni yóò máa ru ẹrù rédíò, síbẹ̀ ìṣàn kan náà ni ẹ̀rọ ọkọ̀ ń rọ sínú àwọn méjèèjì. Nígbà tó bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀kan kò ní kún mọ́ láéláé, èkejì á máa kún àkúnjù, omi inú rẹ̀ á máa gbẹ. Ọmọ méjì tó jẹun nínú àwo kan, tí ọ̀kan nìkan ń lọ sóko. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó to píìlì mẹ́jọ jọ tó sì ń bu iná lára méjì àkọ́kọ́ nìkan.

Ọ̀nà kẹta ni gbogbo yín mọ̀, àpótí tó ń sọ fólítì 12 di 220, tí ẹ ó wá ki ṣájà ilé bọ̀ ọ́. Kò burú, kò sì léwu ju iná ilé lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrìn àjò tí iná ń rìn: ó gòkè láti 12 dé 220, ó tún sọ̀kalẹ̀ wá sí 19 àti 5. Bí ìgbà àkọ́kọ́ bá dá 85 padà nínú 100, tí ìgbà kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 72 ló kù. Àpótí náà ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ kò tilẹ̀ ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lọ sí oko kó lò ó. Àwa kọ́.

Èyí tí mo fara mọ́ ni pé kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí yóò máa pààrọ̀ ipá iná fún un, kí gbogbo wọn sì máa fà láti orí bátìrì kan náà. Ọlọ́jà ń pe èyí náà ní convertisseur, bí wọ́n ṣe ń pe àpótí 220, nítorí náà ẹ máa sọ iye tí ẹ fẹ́ kó wọlé àti iye tí ẹ fẹ́ kó jáde, kí wọ́n má baà di ẹrù mìíràn fún yín.

Oríṣi méjì ló wà fún dídín ipá kù. Èyí àtijọ́ ni 7805, ohun kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà nínú rédíò àti ẹ̀rọ púpọ̀. Fólítì 12 wọlé, 5 jáde, èyí tó ṣẹ́kù di ooru. Bí ẹ̀rọ yín bá ń fa ańpè 1, wáàtì 12 ni bátìrì ń san, ẹ̀rọ ń gba 5, wáàtì 7 ń mú irin gbóná lásán. Ẹni tó fọwọ́ kàn án láìní irin tó ń gba ooru lẹ́yìn rẹ̀ yóò sọ ìròyìn. Oríṣi kejì ń tan iná, ó ń pa á, ní ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan (LM2596 tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń ṣe é ní ìgbà 150000), wáyà tí wọ́n wé jọ sì ń mú kí èyí tó ń jáde tẹ́jú. Kì í ju ìyókù nù. Nǹkan bí 80 sí 90 nínú 100 ló ń dá padà. Fún ańpè 1 ní fólítì 5, nǹkan bí ìdajì ańpè ló ń gbà lọ́wọ́ bátìrì. Ẹ ronú nípa àwọn tó ń ṣẹ́ náírà sí séfà ní Kraké. Oníṣẹ́ kejì yìí dà bíi wọn: ó gba owó kan, ó fún yín ní òmíràn, ó yọ díẹ̀ fún ara rẹ̀. 7805 dà bí ẹni tó gba 12 lọ́wọ́ yín, ó fún yín ní 5, ó dáná sun 7.

Ti kọ̀ǹpútà ń gbé ipá sókè ni, láti 12 sí 19. Ó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohun ọ̀fẹ́: bí ipá bá gòkè, ìṣàn tó ń ti bátìrì wá gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 30 ń fa ańpè 1.6 ní fólítì 19, àmọ́ nǹkan bí ańpè 3 ni yóò máa ti bátìrì jáde. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rédíò kò lè gbé e. Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun tó ń lo USB-C tilẹ̀ ní èyí tó yẹ kó dùn mọ́ wa nínú. Ṣájà máa ń fi fólítì 5 bẹ̀rẹ̀, òun àti ẹ̀rọ á wá jọ sọ̀rọ̀ lórí wáyà, ṣájà á ka iye tó ní lọ́wọ́, 5, 9, 15, 20, ẹ̀rọ á mú ọ̀kan, ìgbà náà ni ipá tó gòkè. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, 5 ni yóò dúró sí. Ẹni tó bá ń wá kókó fún àpilẹ̀kọ lórí ìfọ̀rọ̀wérọ̀, mo ti fún un ní ọ̀kan.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí orúkọ wọ̀nyí dẹ́rù bà yín. Ṣájà ọkọ̀ tí wọ́n ń tà lọ́jà Ouando, tí wọ́n ń ki bọ ihò tó wà níwájú awakọ̀, oríṣi kejì yìí gan-an ló wà nínú rẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà náà wà. Ihò bẹ́ẹ̀ mẹ́ta lórí àpótí pákó kan, tí bátìrì wà nínú rẹ̀, ti tó wa. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ní gbà kí a fi ṣeré ni fíúsì. Ó gbọ́dọ̀ wà lórí wáyà tó ti orí + bátìrì jáde, nítòsí bátìrì gan-an. Fólítì 12 kò ní gbá yín bíi ti iná ilé, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí wáyà + bá kan wáyà − bátìrì ọkọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ańpè jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wáyà á sì pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọjọ́ kan. Bátìrì fólítì 12 tó jẹ́ ańpè-wákàtí 20 ní wáàtì-wákàtí 240. Bátìrì ọkọ̀ kì í fẹ́ kí a fa òun gbẹ, nítorí náà ìdajì rẹ̀, 120, ni ká lò. Kọ̀ǹpútà fún wákàtí méjì ní wáàtì 30 jẹ́ 60. Fóònù kan jẹ́ 12. Píìlì agbohùnsílẹ̀ tó ṣeé rọ iná sí jẹ́ nǹkan bí 5. Àwọn mẹ́ta yìí jẹ́ 77. Ẹ fi èyí tó ń sọnù lọ́nà kún un, ó di nǹkan bí 91. Gílóòbù wáàtì 5 fún wákàtí mẹ́rin jẹ́ 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 111. Ó wọlé, ó tilẹ̀ ṣẹ́kù. Bí pánẹ́ẹ̀lì wáàtì 50 bá wà nínú oòrùn Ṣábẹ̀ láti àárọ̀, pẹ̀lú ohun tó ń ṣọ́ ọ kó má rọ iná kọjá, èyí tí a lò yóò padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo kọ píìlì agbohùnsílẹ̀ sí ìṣirò náà, mo sì mọ̀ ọ́n mọ̀ ni. Ẹ má ṣe so agbohùnsílẹ̀ mọ́ bátìrì ńlá nígbà tí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ohun tó ń tan iná tó ń pa á nígbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún yẹn máa ń fọn fèrè tín-ín-rín sínú ohùn nígbà mìíràn, pàápàá bí kọ̀ǹpútà bá wà lórí bátìrì kan náà tí wáyà − wọn sì pàdé. Ẹ lo píìlì fún gbígba ohùn, ẹ fi bátìrì ńlá rọ iná sí píìlì kejì lákòókò náà. A kò ní lé ariwo ẹ̀rọ amúnáwá jáde lẹ́nu ọ̀nà kí a tún gba ti convertisseur wọlé láti ojú fèrèsé.

Àwọn kan nínú yín sọ pé power bank ti dé, kí ni a tún ń dá ara wa láàmú fún? Èmi náà ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń sọ láti òkè yìí ló wà nínú rẹ̀: bátìrì fólítì 3.7 àti ohun tó ń gbé e sókè dé 5. Èyí tí wọ́n kọ 10000 mAh sí lára, fólítì 3.7 ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Wáàtì-wákàtí 37 ni, bó bá sì dé 5 kò ní ju 7400 mAh lọ, kí a tó yọ èyí tó sọnù. Ó dára fún fóònù ẹnì kan. Fún ènìyàn mẹ́rin tó lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní abúlé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, kò tó ìpanu.

Ọ̀rẹ́ wa kan tún ní onímọ̀ èdè kì í ṣe oníná. Mo gbà. Ẹni tó ń kọ́ nípa ohùn kì í sì í ṣe dókítà ọ̀fun, síbẹ̀ a há orúkọ gbogbo iṣan ọ̀fun sórí ní ọdún àkọ́kọ́.

Ohun tí mo máa béèrè ní ìpàdé tó ń bọ̀ nìyí. Kí á mú ẹni méjì tí yóò lọ bá alátùn-únṣe kan tó mọṣẹ́, kí ó kan àpótí náà lójú wọn, kí wọ́n sì bi í léèrè ohun gbogbo ní Yorùbá, kí wọ́n gba ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀-ìmọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí wọ́n fi mítà wọn ipá tó ń jáde lẹ́nu ihò kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹnu ihò kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra, kí wáyà kọ̀ǹpútà má lè wọ inú ihò fóònù láéláé, nítorí òru ni a ó máa lo àpótí yìí, oorun á ti máa kun ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò dúró ka ohun tí a kọ sí i lára.